Bí a ṣe lè tún tẹlifíṣọ̀n onífáàfù àtijọ́ ṣe láìba ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ jẹ́

Bí ẹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n onífáàfù, ìyẹn irú àtijọ́ tó ń fi àwọn gíláàsì tó ń gbóná ṣiṣẹ́ dípò tíránsítọ̀, jáde láti inú yàrá tí wọ́n ti tì í mọ́ fún ogójì ọdún, ohun àkọ́kọ́ tí yóò máa wù yín ni pé kí ẹ ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Èmi ṣe é ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nílé wa ní Òkèṣà ní Iléṣà, sí ẹ̀rọ kan tí bàbá ìyá mi fi sílẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni òórùn ìda tó ń jóná bẹ̀rẹ̀, kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń kó iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, sì bú gbàmù, èéfín tó ń ta ènìyàn nímú gba gbogbo pálọ̀. Kàpásítọ̀ ṣeé rà, kò sì dùn mí púpọ̀. Ohun tó dùn mí títí di òní ni pé kí n tó fa púlọ́ọ̀gì yọ, wáyà inú fuláíbáàkì rẹ̀, ìyẹn tiransifọ́mà tó ń pèsè iná ńlá fún túùbù àwòrán, ti jóná, kò sì sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ti fara da gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi ìkánjú bà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ kejì, tí mo rí gbà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo fi kọ́ ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí: iná ni ohun tí a ń fún un gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tó wà níwájú yín. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ láti Ìbàdàn ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò dọ́gba. Orílẹ̀-èdè wa ń lo àwòrán onílà 625, ìyẹn àwòrán tí ìlà 625 para pọ̀ di. Èyí tó bá ti Jámánì tàbí Holland wá sábà máa ń bá a mu. Èyí tí ẹni tó kàwé ní Ìlú Ọba dì mọ́ ẹrù rẹ̀ wálé lè yàtọ̀, nítorí onílà 405 nìkan ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún títí di oṣù kẹrin ọdún 1964 tí BBC2 fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú onílà 625. Bí ẹ bá rí 405 nìkan lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé tún ṣe, ó sì lè tàn, ṣùgbọ́n ẹ óò nílò ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa yí onílà 625 padà sí 405 fún un. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń gba méjèèjì, àwòrán lè jáde dáadáa kí ohùn má jáde, nítorí àlàfo tó wà láàárín àwòrán àti ohùn lórí afẹ́fẹ́ jẹ́ megahertz 6 fún onílà 625 ti Ìlú Ọba, ó sì jẹ́ 5.5 fún tiwa. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa tú apá ohùn palẹ̀ láìnídìí.

Nípa ewu, n óò fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yìí lè pa ènìyàn, kódà nígbà tí kò sí lórí iná. Inú túùbù àwòrán ṣófo pátápátá, a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ìta sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ìhà gbogbo. Bí ohun líle bá gbá ọrùn rẹ̀ tóóró tó wà lẹ́yìn, gíláàsì náà lè fọ́ sínú, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ta káàkiri yàrá. Ẹ wọ awò tó bo ojú dáadáa, ẹ má sì ṣe di ọrùn yẹn mú láti fi gbé e láé. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kí ẹ gbé e mọ́ra.

Ohun kejì ni iná tó sá pamọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 16,000 volt ni fuláíbáàkì ń fún túùbù náà, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń di díẹ̀ nínú iná yìí mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa á. Ẹ wá wáyà tó ní kílíìpù lórí méjèèjì, ẹ fi orí kan mú okùn tàbí sípíríǹgì tó kan àwọ̀ dúdú ara túùbù, ẹ fi ìkejì mú súkúrúdiráfà tí ike tó nípọn bo ìdí rẹ̀. Kí ẹ wá rọra ti ẹnu súkúrúdiráfà náà sábẹ́ rọ́bà róbótó tó bo ibi tí wáyà pupa tó nípọn ti wọ ẹ̀gbẹ́ túùbù. Ẹ lè gbọ́ “táá”. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí iná yẹn máa ń padà wá. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, ọwọ́ kan ni kí ẹ lò. Kí ìkejì wà lẹ́yìn yín tàbí nínú àpò.

Ohun kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú púpọ̀ àwọn tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyí, wáyà kan nínú méjì tó ń bọ̀ láti ara ògiri ni wọ́n so tààrà mọ́ ṣaasí onírin, ìyẹn férémù tí gbogbo ohun inú ẹ̀rọ jókòó lé. Bí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá wọlé ní ìdàkejì, gbogbo irin inú ẹ̀rọ náà, títí kan ìṣó tó di kọ́rọ́bọ́ tí a ń fọwọ́ yí mú, yóò gba iná 240 volt. Ẹ fi tẹ́sítà kan ṣaasí nígbà gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó tọ́ jù lọ ni kí ẹ ra isolation transformer tó lè gbé 250 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí wáyà tó ń gba iná wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde kò kan ara wọn rárá. Sitabiláísà inú ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo bọ̀wọ̀ fún pé ó tó, ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù nínú sitabiláísà tí à ń tà lọ́jà, wáyà kan náà ló gba inú rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń tún iná ṣe, kò yà á sọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò púpọ̀ láti ìhà gbogbo kí ẹ tó nu ohunkóhun. Eruku ọyẹ́ tó ti kó jọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí ibi tó bá ti dúdú ju ibi tó kù lọ ni ooru tàbí iná tó ń jò ti wà. Nínú ẹ̀rọ ti Ilé-Ifẹ̀ yẹn, ẹyin ọmọńlé mẹ́rin ni mo bá nínú àpótí irin tó bo fuláíbáàkì, méjì ti pa, méjì ṣì wà lódindi, ìgbẹ́ aáyán sì ti jẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan títí ó fi di àwọ̀ ewé. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni kí ẹ lò. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi aṣọ nu ara fáàfù kankan kíkankíkan, nítorí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára máa ń parẹ́ bí ẹfun, fáàfù tí kò ní orúkọ yóò sì kó ìyọnu bá yín.

Orúkọ yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn fáàfù tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ní èdè tiwọn, ẹni tó bá sì kọ́ ọ yóò lè ka ẹ̀rọ láìsí ìwé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí fílámẹ́ǹtì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbóná nínú fáàfù, ṣe ń jẹ iná: P túmọ̀ sí 300 milliampere, E túmọ̀ sí 6.3 volt, D túmọ̀ sí nǹkan bí volt kan àti díẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ń sọ iṣẹ́ tó wà nínú gíláàsì: C jẹ́ tíráódù (fáàfù tó ní irin mẹ́ta nínú), F jẹ́ péńtódù (èyí tó ní irin márùn-ún) fún iná kékeré, L jẹ́ péńtódù alágbára, Y sì ni èyí tó ń sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ (AC) di iná ọlọ́nà kan (DC). Nítorí náà, PCL82 jẹ́ fáàfù méjì nínú gíláàsì kan, tíráódù àti péńtódù alágbára, ẹ óò sì sábà bá a níbi ohùn tàbí níbi tí wọ́n ti ń na àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀. PL36, tó ga tó sì ní fìlà irin lórí, ló ń lé fuláíbáàkì. PY81 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. DY86 kékeré tó fara pamọ́ sínú àpótí irin ló ń sọ 16,000 volt yẹn di ọlọ́nà kan. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà sínú ìwé kí ẹ tó fa èyíkéyìí yọ.

Fílámẹ́ǹtì gbogbo fáàfù oní-P wọ̀nyí ni wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan, pẹ̀lú ti túùbù àwòrán, iná kan náà ló sì ń gba inú gbogbo wọn kọjá. PL36 ń gba 25 volt, PY81 ń gba 17, PCL82 ń gba 16, PCF80 ń gba 9. Rẹsísítọ̀ ńlá aláwọ̀ amọ̀ kan, tí a ń pè ní dírọ́pà, ló ń jẹ èyí tó ṣẹ́kù nínú 240 náà. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá já, gbogbo rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi máa ń ní tẹlifíṣọ̀n ti kú nígbà tó jẹ́ fáàfù kan ṣoṣo ló kú. Ẹ gbé mítà sí ohm, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 5 lábẹ́ àwọn fáàfù kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án bíi PCL82, PCF80, PY81 àti EF80. Fún PL36, ẹsẹ̀ 2 àti 7 ni. Èyí tí mítà kò bá mì sí ni ẹ óò pààrọ̀. Ẹ wọn dírọ́pà náà pẹ̀lú, nítorí òun ló máa ń já jù lẹ́yìn fáàfù.

Kàpásítọ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Oríṣi méjì ló ń yọ wá lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni agolo aluminiọ́mù ńlá tó ń mú kí iná dúró ṣinṣin. Oògùn olómi wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń gbẹ tàbí kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dá iná dúró nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ nítorí pé iná kò kàn án fún ọdún púpọ̀. Àwọn kan gbà pé a lè fi iná díẹ̀díẹ̀ jí i padà. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ooru tiwa, èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí a bá jí bẹ́ẹ̀. Ẹ tú wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí agolo náà dúró síbẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ má bàa yí padà, kí ẹ sì fi tuntun tó lè gba 450 volt sí abẹ́ ṣaasí. Iye microfarad tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ fáàfù ló ń sọ iná di ọlọ́nà kan, ẹ má ṣe fi èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀, nítorí yóò fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì pa fáàfù náà. Ẹ kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tí àmì ìyọkúrò wà: bí ẹ bá yí i, yóò bú.

Oríṣi kejì ni kàpásítọ̀ oníwèé, tí ìda tàbí ọ̀dà dúdú bo ìta rẹ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ti wọ inú ìwé náà, iná sì ń jò gba inú rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà olówó pọ́ọ́kú yóò ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn tó ń gbé àmì wọ inú fáàfù alágbára, ti ohùn àti ti ìnàsókè àwòrán. Kò yẹ kí ibi tí àmì ti ń wọlé sí fáàfù ní iná tó lé ní òdo. Bí kàpásítọ̀ bá ń jò, iná tó lé ní òdo ni yóò débẹ̀, fáàfù yóò máa fa iná bí ẹni tó mu àmujù, tiransifọ́mà ohùn yóò sì jóná. Kàpásítọ̀ onípọ́lísítà tó lè gba 630 volt ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Èyí tó bá dúró láàárín wáyà méjì tí iná ògiri ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi X2, èyí tí wọ́n ṣe fún iná ògiri. Kò sí òmíràn tó yẹ níbẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ máa tú, kí ẹ jó tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi bírò sàmì sínú ìwé yín, kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi. Òṣó ni wọ́n máa ń ló sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó yóò fi wọlé. Irú sùúrù yẹn ni kàpásítọ̀ ogójì ń fẹ́.

Rẹsísítọ̀ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ẹsẹ̀ kan, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún ju iye tó yẹ lọ. Àwọn tó lé ní 100,000 ohm ló máa ń ṣìnà jù.

Ó wá kan iná. Ẹ wá gílóòbù 100 watt ti àtijọ́, onífílámẹ́ǹtì, kì í ṣe LED tàbí èyí tí ń dín owó iná kù. Ó ti ń ṣòro rí báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì tán lórí àtẹ àwọn onínǹkan-iná. Ẹ so ó sójú ọ̀nà wáyà kan ṣoṣo, kí iná má lè dé inú tẹlifíṣọ̀n láìgba inú gílóòbù kọjá. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ kan lára rẹsísítọ̀ tó ń gbé iná lọ sí screen grid PL36 (ọ̀kan nínú àwọn irin inú fáàfù náà), kí fáàfù yẹn má bàa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná kò tíì tó. Bí ẹ bá tan án, tí gílóòbù sì tàn gidi tí kò rẹlẹ̀, iná ń já síra wọn níbì kan. Ẹ pa á. Bí ó bá tàn, tí ó wá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ óò rí i bí fílámẹ́ǹtì ṣe ń pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, rẹ́súrẹ́sú lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹyin iná tí eérú bò, títí òórùn eruku gbígbóná yóò fi kún yàrá. Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, jókòó ni mo jókòó sílẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀.

Bí ohùn gbígbẹ bá ti ń jáde láti inú sípíkà, ẹ pa á, ẹ da rẹsísítọ̀ PL36 padà, ẹ yọ gílóòbù kúrò, kí ẹ wá tan án sórí isolation transformer nìkan. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára PL36 fún ìṣẹ́jú méjì. Bí irin inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kì í ṣe fílámẹ́ǹtì àárín o, awo irin tó yí i ká ni mo ń sọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ pé àmì tó yẹ kó máa lé e kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, báyìí sì ni fuláíbáàkì tèmi ṣe kú. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ óò gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan bíi ti ẹ̀fọn, tí àwọn ọmọdé yóò gbọ́ jù yín lọ. 15,625 ìgbà ni ó ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí ìlà 625 ni ó ń fà lọ́nà 25. DY86 náà yóò tàn fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ara wáyà tó yí fuláíbáàkì po ni ó ti ń gba iná rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìlà funfun kan ṣoṣo ló jáde lágbede-méjì, ẹ tètè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí ó má bàa jó ojú túùbù, kí ẹ padà sí fáàfù tó ń na àwòrán sókè àti àwọn kàpásítọ̀ tó yí i ká. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn tí ó sì ń fẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń pọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, DY86 ti rẹ̀. Bí ohùn bá ń kùn “hùùù” tí ọ̀já dúdú sì dúró lórí àwòrán, kàpásítọ̀ agolo kan ṣì wà tí ẹ kò tíì pààrọ̀.

Ohun tí yóò máa fi hàn ni ó kù. Ẹ̀rọ náà kò ní ihò AV, kò sì mọ dẹkódà. Ẹ ra RF modulator, àpótí kékeré tó ń sọ àwòrán àti ohùn di irú ìgbì tí ẹ̀rọ náà lè gbà, tó ń lo VHF ní ètò tiwa, tí àlàfo ohùn rẹ̀ jẹ́ 5.5, kí ẹ ki wáyà dẹkódà tàbí DVD bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yí kọ́rọ́bọ́ sí ọ̀kan láàárín ìkànnì 5 sí 12. Bí kọ́rọ́bọ́ bá ń ṣe gìrì-gìrì tí àwòrán ń sá, ẹ fi oògùn ìfọnu-iná díẹ̀ sí ẹnu irin inú rẹ̀, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ lọ́nà ogún.

Àpótí igi rẹ̀ ni mo máa ń fi kẹ́yìn. Ẹ kan ìdí rẹ̀ wò bóyá ikán ti wọ ọ́. Kápẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ lè fi pátákó tuntun pààrọ̀ abẹ́ láìfọwọ́ kan iwájú. Aṣọ tútù díẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le tó fún fánísì rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sáńdípépà họ ọ́ kí ẹ wá kun tuntun, bí kápẹ́ńtà tilẹ̀ ń rọ̀ yín, nítorí àwọ̀ yẹn ni ilé mọ̀. Ẹ dá ìdérí ẹ̀yìn padà kí ọmọ kankan tó sún mọ́ ọn, ẹ fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri kí ooru lè jáde, kí ẹ sì máa tàn án fún wákàtí kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí jíjókòó láìṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ba àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ jẹ́.